Kọ́ Ègbè Kí O Tó Dá Orin

Ọmọ mi, wá jókòó. Mo gbọ́ pé o ti kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n ní o ká aṣọ ẹgbẹ́ sínú náílọ́ọ̀nù, o gbé e kalẹ̀ níwájú akọ̀wé, o sì bọ́ sóde láìkí àgbà kankan. Wọ́n ní ohun tó bí ọ nínú ni pé ẹlòmíì ni wọ́n ní kó dá orin lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ kọrin fún àwọn aláìsàn. O ní ohùn rẹ dùn ju tirẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ohùn rẹ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní kọjá ohùn.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, Àpòmù ni mo ti lọ́kọ. Láàárín ìlú méjèèjì ni mo ti ta kòkó, ibẹ̀ ni mo ti bímọ, ibẹ̀ ni mo ti sin òbí mi, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọrin láti ìgbà tí mo ti ń di irun ọmọge. N kò gba kọ́bọ̀ rí. Ẹgbẹ́ wa kò ní olówó nínú. Tíṣà wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà wà níbẹ̀, òun ló ní báàsì tó jinlẹ̀ jù. Bí ìjì bá ká òrùlé ilé ìwé kan, a ó kọrin kí wọ́n lè fi rówó ra páànù. Bí ọmọ kan bá nílò iṣẹ́ abẹ, a ó kọrin. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún wa la jẹ, omi tí wọ́n bá bù la mu. Nítorí náà, ohun tí n ó sọ fún ọ yìí, ojú mi ló rí i.

Orin Yorùbá, apá méjì ló ní. Ẹnìkan á dá a, àwọn yòókù á gbè é. Nínú ìwé pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́: Lílé, Ègbè. Wò ó dáadáa. Lílé a máa yí padà, ẹni tó ń dá a lè fi kún un, ó lè yọ kúrò. Ègbè ló máa ń dúró. Òun ni èrò máa ń gbé relé. Bi ẹni tó ń ti òde bọ̀ pé orin wo ni wọ́n kọ lóde, ègbè ni yóò kọ fún ọ. Kò ní rántí ẹni tó dá a.

Ọdún 14 ni mo fi ṣe elégbè kí wọ́n tó ní kí n dá orin kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n sì ní kí n dá a, ẹni tó ń dá a ni kò wá, ara ọmọ rẹ̀ kò yá. Mo dìde, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo dá a. Nígbà tí ègbè gbà á lẹ́yìn mi, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti àga sí mi nídìí. Ara mi balẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà pé àwọn tó wà lẹ́yìn mi ló gbé mi dúró. Bí mo bá ti dá orin lọ́dún kìíní, n kì bá tí mọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wa nígbà kan. Ténọ̀ ni. Bó bá lanu, àwọn aboyún á fọwọ́ gbá inú mú. Lọ́jọ́ kan a lọ kọrin láti kó owó jọ fún òrùlé ilé ìwé, inú àwọn èèyàn dùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Wọ́n lẹ owó mọ́ ọmọkùnrin yìí lórí títí iwájú orí rẹ̀ fi tutù. Owó páànù ni. Òun rò pé owó ohùn òun ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó ti bínú jáde. Ó ní àwa là ń fà á sẹ́yìn. Ó ra sípíkà láwìn, ó tẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ògiri kálukú, ó ń háyà àwọn tó ń gbe orin fún un láti Ìbàdàn, ó ń sanwó fún wọn lójoojúmọ́ tí iṣẹ́ bá wà.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ebi pa á. Ó rí ṣe. Ó kọ́lé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ìtàn rẹ̀, nítorí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, bí ẹ bá ti rí ẹni tó kọ́lé, ẹ ó ní ó ti yege.

Bàbá rẹ̀ kú. Bàbá yẹn ló kọ́ ẹgbẹ́ wa ní ìdajì orin tí a mọ̀. Orin kan wà tó jẹ́ ti bàbá náà gan-an, ó máa ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọmọ gba makirofóònù, ó ní òun fẹ́ kọ orin bàbá òun. Ó dá a. Àwọn elégbè tó háyà dákẹ́. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Ó tún un dá. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹni tó ń lu gángan fi ìlù bò ó, kò bò. Àwa jókòó sábẹ́ ìbòòji lẹ́yìn, a bá wọn ṣọ̀fọ̀ wá ni, ẹnikẹ́ni kò pè wá sí orin. Ó dá a lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti já. Ni ìyá kan nínú wa bá gbè é láti orí àga, kò dìde. Gbogbo wa gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kọjú sí ògiri.

Ó padà wá sí ìdánrawò lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn ló jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ọmọ mi. Ìgbéraga kì í kọ́kọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn. Àwọn tí yóò gbà á lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ tí ohùn rẹ bá já ló kọ́kọ́ ń gbà.

Ìwọ tí o ń pe ara rẹ lọ́mọ Àpòmù, ṣé o mọ ohun tó tanná ogun sí ọjà wa láyé àtijọ́? Ataare ni. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Ọjà Àpòmù tóbi nígbà náà, ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ohun burúkú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n ń jí ọmọ ọlọ́mọ gbé, wọ́n ń tà wọ́n níbẹ̀, ìlú sì ti ń fojú ọ̀tá wo ìlú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣáná sí i ni iye ataare tí ẹnìkan kà fún ẹnìkejì. Ọ̀kan ní kò pé. Ìkejì ní ó pé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnìkejì. Àríyànjiyàn di ìjà, ìjà di ogun. Nígbà tí ogun náà fi parí ní àwọn ọdún 1820, Òwu tí wọ́n ń bẹ̀rù ti di ahoro, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá ara wọn ní Abẹ́òkúta nígbẹ̀yìn. Orílé-Òwu kò jìnnà sí wa. Bí o bá kọjá níbẹ̀, rántí ataare.

Ẹgbẹ́ akọrin kọ̀ọ̀kan ló ní ataare tirẹ̀. Mo mọ èyí tó fọ́ nítorí àwọ̀ gèlè. Mo mọ èyí tó fọ́ nítorí ẹni tó dúró láàárín nínú fọ́tò. Ọmọge méjì tó jọ ń jẹ nínú àwo kan, wọn kò kí ara wọn mọ́ títí ọ̀kan fi lọ́kọ lọ sí Èkó, nítorí ẹsẹ orin kan tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìjọba ìbílẹ̀ tí Àpòmù jẹ́ olú ìlú rẹ̀, Ìsọ̀kan ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ tó dára ni. Ó yẹ kí àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ jẹ́ ẹ.

Ìkánjú wá ńkọ́? Jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ìyẹn, nítorí òun ló ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ nínú orin ìsinsìnyí.

Ẹ ó gbọ́ orin kan lórí fóònù lọ́jọ́ Àlàmísì, ẹ ó fẹ́ kọ ọ́ fún ìlú lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ó mú ohùn òkèèrè, ẹ ó ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọmọdé. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan kọ orin kan nípa Nóà níṣojú mi. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti wálẹ̀, ohùn orin lọ sókè níbẹ̀. Ọkọ̀ Nóà di ọkọ́ Nóà. Àwọn ìyá tó jókòó níwájú ń bi ara wọn pé oko wo ni Nóà fẹ́ ro. Àwọn ọmọ náà rò pé ẹ̀rín ìdùnnú ni wọ́n ń rín, wọ́n tún gbé ohùn sókè sí i.

Èdè wa ń kọrin kí a tó dá orin. Mú ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn: re dò, o wọ̀ ọ́ lọ sí Ìbàdàn. Re mí, o fi ro ilẹ̀. Re re, o bá a délé, o di ìyàwó rẹ̀. Orin tí kò bá fetí sí ìyẹn, ó ń pa irọ́ mọ́ ẹni tó ń kọ ọ́. Èyí ti da àwọn baba wa láàmú tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin àwọn òyìnbó sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló yí padà lẹ́nu. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó ṣe àtúnṣe. Ó ń fi ohùn tí àgbẹ̀ àti ọlọ́jà mọ̀ ṣe orin, kí ọ̀rọ̀ lè dúró sáyè rẹ̀. Ní 1922, nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gba orin rẹ̀ 43 sílẹ̀ lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n bí i ní 1855. Ìwọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ti sún mọ́ 70 ọdún ni, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Ìwọ, mo gbọ́ pé o fẹ́ gbé orin síta kí oṣù yìí tó parí.

Thomas Ekundayo Phillips náà wà. Òun ló ń tẹ dùùrù, tó sì ń darí akọrin ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962. Ọdún 48 lórí ìjókòó kan! Ó fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ohùn àti orin yìí títí, ó kọ ìwé lé e lórí, ìwé náà jáde ní 1953. Fela Sowande, tí orin rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ohun èlò kọ ọ́, ọmọdé akọrin ni lábẹ́ Phillips. Ó gbè kó tó dá. Bí o bá fẹ́ mọ ọ̀nà tó gùn, tí ó sì dé ibi tó ń lọ, òun nìyẹn.

Má rò pé ti onígbàgbọ́ nìkan ni mò ń sọ. Ìdajì ẹgbẹ́ wa, mọ́sálásí ni wọ́n ti ń wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkirè, bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, àwọn ọmọkùnrin kéékèèké á bọ́ sóde lóru, wọn á máa lu agolo àti sẹ́ẹ̀lì, wọn á máa kọrin wéré láti jí àwọn èèyàn fún sààrì. Kò sẹ́ni tó san owó fún wọn. Bí o bá fún wọn ní mọ́ínmọ́ín, wọ́n á gbà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister ti jáde. Ọmọdé ló ti ń jí àwọn èèyàn lóru, kí ó tó di pé ó sọ ọ́ di fújì tí ayé mọ̀. Àwọn tó sùn ló kọ́kọ́ kọrin fún. Ìyá mi, tí kì í gbààwẹ̀, a máa jí gbọ́ wọn. Á ní àwọn ọmọ yìí ti rìn jìnnà nínú òtútù nítorí ẹlòmíì, á bu ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. N ó sọ ọ́ bó ti rí, nítorí òun ló ń sọ ẹni rere di olè láìròtẹ́lẹ̀. Owó tí wọ́n ná nígbà tí ẹ ń kọrin fún aláìní, ti aláìní ni. Gbogbo rẹ̀. Èyí tó já sílẹ̀ nígbà ijó, tirẹ̀ ni. Èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ lẹ̀ mọ́ ọ níwájú orí tó sì ní kí o fi ra ọṣẹ, tirẹ̀ náà ni. Ẹ kà á níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ kí ẹ tó wọ mọ́tò. Kí akápò kọ ọ́, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e sùn nílé ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ilé tèmi. Ẹgbẹ́ kan ní agbègbè wa gbé owó ilé ọmọ aláìníbaba sùn ní ilé alága fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Alága náà kò fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, ọdún méjì ni wọ́n fi sọ ọ́ láàárín ìlú, orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú sì wọ̀ ọ́.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Ní 1871, ní ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà, ilé ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Fisk. Ọmọ àwọn ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ló ń kàwé níbẹ̀, ẹlòmíì nínú wọn tilẹ̀ ti jẹ́ ẹrú fúnra rẹ̀. Ilé ìwé náà ti fẹ́ wó nítorí àìlówó. Olùtọ́jú owó ilé ìwé náà, George White, kó ọmọ mẹ́sàn-án jọ, wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n ń kọrin láti ìlú dé ìlú. Aṣọ wọn kò tó fún òtútù. Ilé ìtura kọ̀ wọ́n nítorí àwọ̀ wọn. Ní àkókò náà gan-an ni iná ńlá jó ìlú Chicago. Owó àkọ́kọ́ tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, tí kò tilẹ̀ pé dọ́là 50, wọ́n gbé e sílẹ̀ fún àwọn tí iná sọ di aláìnílé. Ebi ń pa àwọn akọrin náà gan-an. Nígbà tó di 1873, wọ́n dé iwájú Ọbabìnrin Victoria. Orin wọn ló sì kọ́ ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Jubilee Hall, ó wà níbẹ̀ di òní.

Bí mo bá ti ń ronú kan àwọn ọmọ yẹn, ọjà Àpòmù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n tà, tí wọ́n gba ojú òkun lọ, ta ló mọ ibi tí ọmọ wọn kọrin sí? Ta ló mọ ègbè tí wọ́n gbé lọ sínú ọkọ̀ tí wọn kò rí gbé padà?

Jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Àwọn ìyá tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́, mo gbọ́ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní ohùn wọn ti gbó, wọ́n ń ba orin jẹ́. Nítòsí Ìkirè lo sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀! Gbogbo ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ Ifẹ̀ ló mọ dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo ni wọ́n fi ń ṣe é? Èyí tó ti pọ́n kọjá pípọ́n ni, tí awọ rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíì ti fẹ́ dà nù. Wọn á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọn á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú minimini. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kò ṣeé fi ṣe é, bó ti wù kí apá rẹ lágbára tó lórí odó. Ohun tó pẹ́ ló dùn níbẹ̀.

Ní Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí, àwọn ìyá ìjọ C.A.C. kó ara wọn jọ, wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní Good Women Choir, Ìyá D. A. Fasoyin ló ṣáájú wọn. Orin ìparí ọdún wọn, kò sí ilé tí kì í dún nínú oṣù Kejìlá, ilé onígbàgbọ́, ilé Mùsùlùmí, inú mọ́tò, ojú ọjà. Ṣe o rántí ojú ẹnìkan nínú àwọn tó gbè é? Èmi náà kò rántí. Ṣùgbọ́n bí ègbè yẹn bá bẹ̀rẹ̀, omi á lé róró sí mi lójú, n ó máa ka àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ọdún tí a kò jọ parí rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn tí ẹ ń lọ kọrin fún. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ kí nọ́ọ̀sì, kí ẹ tọrọ àyè. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Má gbé fóònù sí aláìsàn lójú. Ara tí kò yá kì í ṣe ohun ìpolówó. Bí o bá fún èèyàn ní ìrẹsì tí o sì ya fọ́tò rẹ̀ pín fún gbogbo ayé, o ti gba ìrẹsì náà padà.

Lọ́dún kan, a lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú oṣù Kejìlá. Orin márùn-ún la kó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dán wọn wò. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 17 nígbà náà, ni wọ́n fún ní orin kẹta láti dá, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ti ra gèlè tuntun fún un nítorí ọjọ́ náà. A kọ ti kìíní, a kọ ti kejì. Ó bọ́ síwájú, ó gba makirofóònù. Ni ìyá arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ nítòsí fèrèsé bá sọ̀rọ̀. Ojú ìyá náà kò ríran mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ mọ orin tiwa?"

A kò mọ orin wọn. Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wò wá. Mo rò pé yóò ní kí ìyá ṣe sùúrù kí òun kọ tòun tán. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó gbé makirofóònù sílẹ̀. Ó rìn lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú gèlè tuntun rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ dá a. A ó gbè é."

Ìyá bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá lọ. Orin tí wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n ń ru kòkó ti oko bọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la kàn ń gbọ́, a kò rí ègbè rẹ̀ dì mú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin yẹn rí i, ó gbà á, a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà fi báàsì sí i. Nọ́ọ̀sì kan dúró pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, òun náà ń gbè é. Ìyá náà dìde jókòó. Ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún wa pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí kò ti jókòó fúnra rẹ̀.

A kò rí orin kẹta kọ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọbìnrin náà kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí títí di òní, mo sì mọ̀ pé o kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Òun ni ẹni tí wọ́n ní kó dá orin lọ́sẹ̀ tí o bínú jáde.

Aṣọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Akọ̀wé ló gbé e wá. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́, mo rán bọ́tìnnì tó já níbi ọrùn ọwọ́. Ọjọ́ Sátidé ni ìdánrawò, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tètè dé, kí o bá wọn to àga. Lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń kọ áltò lẹ́yìn pátápátá. Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló mọ gbogbo ibi tí a ti ń mí.